Apá Irin Tó Kọ́ Ìkíni Lọ́wọ́ Mi

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí apá tó ń ṣiṣẹ́ láìsí èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, mo sá. Mi ò ní parọ́ fún yín. Èmi ọmọ Ajah, tí mo ti bá ìjì jà lórí ọ̀sà, tí mo ti fi ọwọ́ lásán yọ ejò omi kúrò nínú àwọ̀n, mo sá lójú gbogbo òṣìṣẹ́, bàtà mi kan sì bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Apá irin ni. Ó ga ju èèyàn méjì lọ, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ó nà síwájú, ó fi ẹnu kan ara mọ́tò, iná ta pàrà, ó fà sẹ́yìn, ó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo aago, ó tún nà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo wo òkè, mi ò rí okùn. Mo ní, "Aúsùbiláhì!" ẹsẹ̀ mi sì ti mọ ohun tó kàn.

Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ló gbé bàtà náà wá bá mi níbi tí mo sá sí. Òun ló dàgbà jù nínú àwa tí à ń kun mọ́tò ní ilé iṣẹ́ náà, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ó ní, "Má bẹ̀rù. Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún àwọn wẹ́dà ni. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé o wà láyé."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yẹn ló wá já mi láyà jù.

Ajah tí mo fi sílẹ̀ kì í ṣe Ajah tí ẹ mọ̀ lónìí. Kò sí títì ọ̀dà, kò sí ẹ́sítéètì, kò sí géètì tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, àti igi àgbọn, ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn. Ilẹ̀ ẹbí wa lọ títí dé ọ̀nà Làkọwé. Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń torí ẹ̀ gbé ara yín lọ sí kóòtù báyìí, ewúrẹ́ ìyá mi ló ń jẹko lórí ẹ̀ nígbà náà. Bàbá mi ti kú, apẹja ni. Ogun abẹ́lé parí, ọdún díẹ̀ kọjá, èmi náà bá lọ sí ìlú ọba. Bí mo ṣe lọ kò ṣe pàtàkì. Mo lọ ṣá, mo sì bára mi ní ìlú kan láàárín gbùngbùn England tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bá mi níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù, mo ti ra kóòtù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé àwọn èèyàn náà kì í kí ara wọn. Ní Ajah, láti ilé wa dé etí ọ̀sà kò ju kí èèyàn jẹ ẹ̀pà tán lọ, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ tó kan omi, wàá ti kí ogún èèyàn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ara ọmọ ńkọ́. Tí o bá gba iwájú àgbà kọjá láìkí i, ìròyìn rẹ á ti délé kí ìwọ tó dé. Ṣùgbọ́n níbí, èèyàn á jókòó ti èèyàn nínú bọ́ọ̀sì, itan á máa kan itan, wọn ò ní wo ojú ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo rí bàbá arúgbó kan ní ibùdókọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́, mo kàn tẹ orúnkún díẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, mo ní, "Good morning, sir." Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ yíká ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Ojú tì mí débi pé mo dọ́gbọ́n he ìdérí ọtí kan nílẹ̀, mo fi sápò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbìyànjú láti jáwọ́, kò sì ṣeé ṣe. Mo lè fi ẹnu sọ èdè wọn, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gbọ́ òyìnbó. Tí mo bá ti rí irun funfun ní àárọ̀, á ti tẹ̀ kí n tó ronú. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan a mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè rí i.

Ilẹ̀ gbígbá ni mo kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Èèyàn púpọ̀ ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń dun ara. Nígbà mìíràn, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, mi ò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni tó ń bá èmi gan-an sọ̀rọ̀. Mo máa ń kí ara mi nínú yàrá: o kú ìkàlẹ̀ o, o kú òtútù. Èmi náà ni mo máa ń dáhùn.

Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ló kọ́kọ́ béèrè orúkọ mi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdékùnrin ló ti wà nínú yàrá ọ̀dà. Ó ń wò mí tí mo ń gbálẹ̀, ó ní ọwọ́ mi balẹ̀, ó gbé ìbọn tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà lé mi lọ́wọ́. "Má fi ọrùn ọwọ́ jù ú bí ẹni ń ju nǹkan dànù," ó ní. Mo ní àwọ̀n ni wọ́n ń jù bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ó ní, "Gbàgbé àwọ̀n. Gbogbo ara rẹ ni kó rìn. Tẹ ìbọn kí o tó kan etí irin, má sì tú u sílẹ̀ àfìgbà tí o bá kọjá etí kejì. Má sún mọ́ ọn jù, á ṣàn. Má jìnnà sí i jù, á gbẹ kó tó débẹ̀." Ó gbà mí ní ọdún kan gbáko kí ọ̀dà mi tó dán bíi tirẹ̀. Ọjọ́ tó dán, ó kàn mi orí, ó gbé tíì fún mi, ó ní kí n máa wá sílé òun lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ náà, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi gbọ́ nípa rẹ̀. Kò sí fóònù ní Ajah nígbà náà. Màá kọ lẹ́tà pé Sátidé báyìí-báyìí ni màá pè, ìyá mi á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, òun àti Rafíù àbúrò mi, wọ́n á lọ jókòó ti fóònù nílé ọ̀gá Rafíù ní Ọbáléndé láti àárọ̀. Tí mo bá ráyè wọlé, ariwo ni ìyá mi máa ń pa, bí ẹni tó gbà pé ohùn òun gan-an ló máa la òkun já.

"Ta ló ń bójú tó ẹ níbẹ̀?"

"Ọ̀gá mi ni, Màámi. Bàbá kan báyìí."

"Bá mi kí i! Kúnlẹ̀ kí i fún mi!"

"Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀, Màámi."

"Tèmi ni kí o kúnlẹ̀ jẹ́!"

Ó tó nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tí mo sá fún róbọ́ọ̀tì àwọn wẹ́dà kí fọ́máànù tó pe àwa tí a wà nínú yàrá ọ̀dà. Mẹ́rin ni wá: Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì, èmi, àti àwọn òyìnbó méjì tí kì í bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní wọ́n ń gbé róbọ́ọ̀tì kan bọ̀ tó máa fín ọ̀dà. Ó ní yóò ràn wá lọ́wọ́. Inú mi dùn. Òórùn ọ̀dà yẹn ń pa wá lára, ikọ́ Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ti ń le sí i. Mo ní kí irin wá máa fà á símú, irin ò ní ẹ̀dọ̀fóró.

Fọ́máànù ní ẹnì kan nínú wa ló máa kọ́ ọ níṣẹ́. Ó wo Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n díẹ̀ láti ìgbà òtútù tó kọjá, ó sì nawọ́ sí mi.

Ṣé ẹ rí i, nílé wa, ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́ ti di èèyàn. Orí mi wú. Mo ní Ọlọ́run ti fún mi ní ọmọ iṣẹ́ nílẹ̀ àjèjì, kódà tó bá jẹ́ irin.

Ẹnjiníà tó gbé e wá, obìnrin ni, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyẹn náà ya mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ti ń rí àrà púpọ̀ débi pé mi ò ka ìyẹn sí mọ́. Apá tó gbé wá kò dà bíi ti àwọn wẹ́dà. Ó fúyẹ́ sí i, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ìbọn ọ̀dà ló dì mú ní orí rẹ̀, wọ́n sì ṣe ibi ìdìmú kan sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà.

Ó ní, "Má bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ràn. Dì í mú níbí, kí o sì kun mọ́tò kan bí o ṣe máa ń kùn ún. Ó máa gba gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ bá ṣe sínú téèpù, bí ẹni gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí o ṣe ni yóò máa ṣe."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, láìyọ ẹyọ kan."

Mo ṣe bísímílà, mo di ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mi mú. Mo fín iwájú mọ́tò, mo fín ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Mo ń rìn jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, gbogbo ara. Mo ti dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tí Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì wọlé láti wo bí ó ṣe ń lọ. Mi ò tíì rí i láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rí irun funfun, orúnkún mi tẹ̀, ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Good morning, sir." Mo gbéra, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Ẹnjiníà ń wo àpótí rẹ̀, kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa dúró sẹ́yìn gíláàsì, fọ́máànù, ẹnjiníà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ọlọ́run mi, ẹ̀rù bà mí! Ọwọ́ mi ni mò ń wò yẹn. Bí mo ṣe máa ń lọ́ra díẹ̀ kí n tó yí igun, ó lọ́ra. Bí mo ṣe máa ń gbé ìbọn sókè tí ilẹ̀kùn bá tán, ó gbé e sókè. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì bóyá wọ́n ṣì wà lára mi. Ta ló fún un láṣẹ? Èmi náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó kun iwájú, ó kun ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ó bá tẹ̀ba. Jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó dúró díẹ̀, ó gbéra, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Mọ́tò kejì wọlé. Ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹ̀ba. Ẹ̀kẹta, bákan náà. Ọ̀dà ti ki jù níbi tó ti ń tẹ̀ba, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí ikun ọmọdé. Ẹnjiníà sáré pa á, ó ń tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní bóyá òróró tó ń gbé apá náà sókè ló ń jò. Ó fi wákàtí méjì wá ibi tó ń jò, ìdọ̀tí òróró dé etí rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo ní, "Màdáàmù, kò jò. Ìkíni ni."

"Kí ni?"

"Ó ń kí Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì káàárọ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kì í bá wa sọ̀rọ̀ jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì kò rẹ́rìn-ín. Fọ́máànù náà kò rẹ́rìn-ín, inú ló bí i.

"Ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣeré!" ó pariwo. "Àwọn ọ̀gá àgbà ti buwọ́ lu ìwé! Ní ìparí oṣù yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló máa kù nínú yàrá yìí tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ, ẹni tó bá kọ́ ọ níṣẹ́ ni, ìwọ tó yẹ kó jẹ́ ẹni náà lo wá ń kọ́ ọ ní ìranù!"

Ẹ̀rín pa. Ẹnì kan ṣoṣo kẹ̀? Àwa mẹ́rin ńkọ́? Mo yíjú sí Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì, ó ti gbé fìlà rẹ̀, ó ń jáde lọ. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Mo ti di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, mo ti fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbẹ́ kòtò ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́.

Mo lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń fọ ife tó ti mọ́.

Ó ní, "Tún un ṣe ní Mọ́ńdè, kí o ṣe é dáadáa. Ọmọdé ni ọ́, ìyá rẹ ń wo ọwọ́ rẹ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Màá wà nílé."

"Kí lẹ máa máa ṣe nílé?"

Ó fi omi ṣan ife náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ilé yìí dákẹ́ jù."

Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ tó ń sọ. Mo ti gbé inú rẹ̀ rí, òun ló sì fà mí jáde. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò lọ́jú pọ̀ rárá: tí mo bá tún ẹ̀rọ náà kọ́, ọ̀gá mi ń padà sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kò sì ní jáde mọ́.

Orí ló bá mi ṣe é tí ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé tí mo ti dá fún ìyá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbà á gbọ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

"Irin yẹn, ṣé ó máa ń jẹun?"

"Iná mànàmáná ló ń jẹ, Màámi."

"Ó sì kí àgbà?"

"Ó kí i, mà."

"Ó ti sàn ju àwọn ọmọ Ajah ìsinsìnyí lọ!" Mo gbọ́ tí Rafíù ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọmọ mi, gbọ́. Ṣé ọ̀gá rẹ ti tú ẹ sílẹ̀? Ṣé ó ti gbàdúrà fún ẹ pé o ti yege?"

"Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"A jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ́ síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wo ló ń gba ọmọ iṣẹ́? Tí wọ́n bá mú èèyàn wá kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ta ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́?"

Rafíù gba fóònù. "Bọ̀dá mi, ẹ yára dá wọn lóhùn o, line yìí máa tó cut!"

Mo ní, "Sọ fún wọn pé ọ̀gá ni." Ó já lóòótọ́.

Ní Mọ́ńdè, mo bá fọ́máànù. Mo ní mi ò kọ́ ọ mọ́, Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ni kó kọ́ ọ, nítorí òun ló ni iṣẹ́ náà, tèmi kàn jẹ́ àwòkọ́ṣe. Ó ní orí mi ti dàrú. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé tí kò bá jẹ́ èmi, èmi ló ń lọ? Mo ní mo mọ̀. Ìró ohùn mi ya èmi pàápàá lẹ́nu. Ó ní, "Ọwọ́ bàbá yẹn ń gbọ̀n! Ṣé róbọ́ọ̀tì tó ń gbọ̀n lo fẹ́ kí n ní?"

Ẹnjiníà ló dá sí i. Ó ní téèpù ò wọ́n, kí bàbá náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì kọ́kọ́ kọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó di apá náà mú. Nígbà náà ni ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò ṣẹlẹ̀: apá irin náà wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, ìwúwo rẹ̀ sì gbé gbogbo gbígbọ̀n náà mì. Ohun tó kù ni iṣẹ́ ogójì ọdún. Ó kun mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn láìdúró. Nígbà tó dé igun iwájú, ó padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìyá tó ń tún etí aṣọ ọmọ ṣe. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò kọ́ mi ní ìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá tún un ṣe fúnra rẹ̀, fọ́máànù fi tọ́ọ̀ṣì yẹ mọ́tò náà wò yíká, kò rí àbùkù kan.

Bí Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ṣe dúró síbi iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn méjì yòókù lọ, mi ò rí nǹkan ṣe sí i, ó sì ń dùn mí títí di òní. Èmi náà ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹnjiníà wá bá mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé róbọ́ọ̀tì kiri, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọwọ́ ara òun ni àṣìṣe ẹ̀rọ ti wá, ó ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni òun ń wá láti bá òun tọ́jú wọn. Èmi tí mo sá tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi ni wọ́n wá ní kí n máa tọ́jú róbọ́ọ̀tì.

Mo wá mọ̀ wọ́n. Wọn kì í ṣe irú kan náà, bí ajá àti ewúrẹ́ kì í ṣe irú kan náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní. Èyí tó kọ́kọ́ lé mi, ti àwọn wẹ́dà, ní èjìká, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ bíi tèèyàn, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ yọ, ó lè ti òkè wọlé. Òun ló ń fi iná lẹ irin mọ́ irin. Èyí tó wà lẹ́nu iná ìléru rí bí òpó. Kò mọ̀ ju kó yí, kó gùn, kó nà, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ gbé irin tó pọ́n bí ẹyin iná, láìwí nǹkan kan. Ọ̀kan wà tó ń rìn lórí irin gbọọrọ lókè orí wa, síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀, tó ń gbé ẹ́ńjìnnì bí ẹni gbé àkàrà. Àwọn kékeré kan sì wà tó ń de síkúrù. Apá wọn kì í gbéra, ó kàn ń ṣí, ó ń padé bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó yára débi pé ojú mi ò lè tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, èèyàn kì í dì wọ́n lọ́wọ́ mú kó tó kọ́ wọn. Àpótí kékeré kan ni, bọ́tìnnì wà lára rẹ̀. Wàá fi gbé apá náà débi tí o fẹ́, wàá ní kó rántí ibẹ̀, wàá tún gbé e síwájú, wàá ní kó rántí. Gbogbo wọn ni a yí irin ká bí ọgbà. Ẹnjiníà kọ́ mi pé kí n má ṣe wọnú ọgbà náà láìpa iná, nítorí pé ẹ̀rọ náà ò mọ èèyàn yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni èyí tó gbóná jù, tó wúwo jù, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tàbí tó ń súni. Mi ò lè sọ pé ìyẹn burú. Mi ò sì lè gbàgbé ojú àwọn méjì tó lọ.

Mo padà wálé lẹ́ẹ̀kan láàárín ìgbà náà. Mo ti gbé ẹ̀bùn, mo ti múra ìtàn róbọ́ọ̀tì sílẹ̀, mo ní ẹnu máa yà wọ́n ní Ajah. Èmi lẹnu yà. Katapílà ti wà nínú igi àgbọn wa, wọ́n ń la títì gbọọrọ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá àgbà kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Mo rí i, mo ń rẹ́rìn-ín sí i, mo na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ ni mo nà o! Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni wo nǹkan tí omi gbé jáde. Kí n tó rántí, ó ti kọjá.

Ìyá mi ní, "Níbẹ̀, o ń kí ẹni tí kò béèrè. Níbí, o ò kí ẹni tó ń retí."

Ojú tì mí gan-an. Mo tọ bàbá náà lọ sílé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú iyanrìn. Mo wá rí i pé kò síbi tí orúnkún mi ti ń ṣe déédéé mọ́. Ó ti gbọ́ òyìnbó díẹ̀, ó ti gbàgbé Yorùbá díẹ̀. Àwọn tó bá ti lọ jìnnà rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Àìsàn àyà ló pa Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì níkẹyìn. Ó ṣọ́ ẹ̀rọ náà fún ọdún mẹ́ta kó tó dùbúlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó gbàdúrà fún mi, kó tú mi sílẹ̀. Mo ṣàlàyé àṣà náà fún un. Ó ní òun ò mọ àdúrà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "O mọ̀ ọ́n ṣe." Ìyẹn ni ìyọ̀nda tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín, fọ́máànù ní ẹni tó bá fẹ́ lọ lè lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Mo dé ẹ̀yìn gíláàsì láti yẹ ẹ̀rọ wò kí n tó lọ. Mọ́tò kan wọlé. Apá náà nà, ó ń kùn ún. Ó dé igun iwájú, ó padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Ọ̀gá mi wà nínú pósí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè títì, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbí tó ń ṣiṣẹ́. Ní etí ọ̀sà wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin àgbà apẹja, ẹnikẹ́ni kì í ti àjẹ̀ bọ omi, àní kí ẹja máa fò wọ inú ọkọ̀. Èmi wá fẹ́ wọ aṣọ dúdú lọ sin ín, kí n fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Apá náà dúró síbi tó dé. Mọ́tò ń tò sẹ́yìn ara wọn, agogo ìkìlọ̀ ń dún.

Fọ́máànù sáré wọlé. "Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́, sà."

"Kí ló dé tí o fi pa á?"

"Ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ni a fẹ́ lọ sin. Kò lè máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsìnkú ara rẹ̀."

Ó wo apá irin náà, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ìwọ lo máa dáhùn fún un."

Mo ní, "Èmi ni màá dáhùn." Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo gbé kóòtù mi, mo lọ sin ọ̀gá mi. Kò sí mọ́tò kankan tí wọ́n fín lọ́dà ní ilé iṣẹ́ náà títí a fi bo ilẹ̀ lé e tán.